Olórí ìpàdé ilé ní kí n má kí bàbá mi mọ́: èsì sí aránṣọ kan ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti di àtúnbí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, òun nìkan ló sì tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Sẹ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù wa kángun síra jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ó máa ń fẹ́ kí a jọ ka Bíbélì. Olórí ìpàdé ilé wa ka 2 Jòhánù 10 fún mi. Ó ní kí n má kí bàbá mi kú ọdún Iléyá, kí n má jẹ ẹran rẹ̀, kí n má gba ẹ̀gbọ́n mi sílé, kí n má dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn, kí n má sì rán sùtánà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá mi ti ń bi mí pé kí ni òun fi ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kọ́kọ́ lọ kí bàbá yín ná. Ìyókù èsì yìí lè dúró dè yín. Bàbá tó dá nìkan tọ́ ọmọ, tó wá ń bi ọmọ náà pé kí ni òun ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀. "Bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá rẹ" ni òfin wí. Kò béèrè ibi tí bàbá náà ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ẹsẹ tí wọ́n kà fún yín wò. Ó wà nínú Bíbélì lóòótọ́, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá, tí kò sì mú ẹ̀kọ́ yìí wá, ẹ má ṣe gbà á sí ilé, kí ẹ má sì ṣe kí i." Ọ̀rọ̀ líle ni. Ṣùgbọ́n ta ni Jòhánù ń lé sá? Ẹsẹ keje, tí àwọn tó ń fi ẹsẹ kẹwàá dẹ́rù bani kì í sábà kà, ti dáhùn: àwọn ẹlẹ́tàn tí kò jẹ́wọ́ pé Jésù Krístì wá nínú ara. Inú ìjọ ni irú wọn ti jáde. Lẹ́tà rẹ̀ kìíní sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, ó ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jáde lọ. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń rìn kiri láti ìlú dé ìlú.

Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, inú ilé àwọn onígbàgbọ́ ni ìjọ ti ń pàdé. Bí olùkọ́ arìnrìn-àjò bá dé, ilé kan náà ni yóò sùn, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti wàásù, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti di oúnjẹ ọ̀nà fún un. Ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára débi pé ìwé ìtọ́ni kékeré kan láti ìgbà àwọn Krìstẹ́nì ìṣáájú, Dídákè, fi ìlànà lélẹ̀: kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn ọjọ́ kan, tàbí méjì bí ó bá di dandan, bí ó bá lò tó ọjọ́ mẹ́ta, wòlíì èké ni. Nítorí náà, láti gba ẹnìkan "sí ilé" nínú lẹ́tà Jòhánù ni láti fún un ní pẹpẹ, kí a sì bu owó ìrìn-àjò fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ kọkànlá fi sọ pé ẹni tó bá kí i ti ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ búburú rẹ̀.

Bàbá yín kò béèrè pẹpẹ lọ́wọ́ yín. Ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè.

Pọ́ọ̀lù náà bá irú àṣìlóye yìí pàdé ní Kọ́ríńtì. Ó ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n má bá àwọn oníwà burúkú kẹ́gbẹ́, wọ́n sì rò pé gbogbo ará ìta ló ń bá wí. Ó tún un sọ fún wọn nínú 1 Kọ́ríńtì orí karùn-ún: òun kò sọ nípa àwọn àgbèrè tàbí abọ̀rìṣà ayé yìí, torí bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ ó ní láti kúrò láyé. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní arákùnrin nínú ìjọ, tó sì ń hùwà ibi, ni òun ní lọ́kàn. Ó wá béèrè pé kí ló kan òun láti máa ṣe ìdájọ́ àwọn tó wà lóde.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú: Bíbélì le mọ́ olùkọ́ èké tó wà nínú ilé, ó sì rọ̀ mọ́ aládùúgbò tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ìdàkejì rẹ̀ là ń ṣe lóde òní, ó sì ń dùn mí púpọ̀. Oníwàásù tó ń ta òróró fún aláìsàn, tó ń sọ pé ẹni tí kò bá fún òun lówó yóò kú lọ́dún yìí, a ń fún un ní gbohùngbohùn nítorí pé ó ń kígbe Halelúyà bíi tiwa. Bàbá arúgbó tó ń ṣí tẹ́sùbáà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí, òun la kọ̀ láti kí.

Ẹ wo Jésù pẹ̀lú obìnrin ará Samáríà nínú Jòhánù orí kẹrin. Omi ló kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọsìn dé, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Ẹ̀yin ń sin ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀." Lẹ́yìn náà ó sùn ọjọ́ méjì nílùú wọn. Nínú Lúùkù orí kẹsàn-án, nígbà tí abúlé Samáríà kan kọ̀ láti gbà á, Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run; ó yíjú padà, ó sì bá wọn wí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni ìbáwí náà bọ́ sí lórí, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ tó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí bàbá yín, ohun tó tún wà lọ́kàn mi ni òfin kẹsàn-án: má jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì rẹ. A sábà máa ń rò pé ilé ẹjọ́ nìkan ni ó wà fún. Bí mo bá dúró níwájú ìjọ, tí mo sọ pé òṣùpá ni Mùsùlùmí ń bọ, tàbí pé òkúta tó wà ní Mẹ́kà ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún, ẹ̀rí èké ni mo jẹ́ yẹn. Ká'bà, ilé mímọ́ tó wà ní Mẹ́kà, ni wọ́n kàn ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun. Ọlọ́run kan ṣoṣo tó dá ọ̀run òun ayé ni wọ́n sọ pé àwọn ń sìn. Kí ẹ tó lè bá bàbá yín sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó gbà gbọ́ lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn."

Bàbá yín gbà pé ànọ́bì ńlá ni Ísá. Ó gbà pé wúńdíá ni Màríyámù nígbà tó bí i, àti pé ó wo afọ́jú àti adẹ́tẹ̀ sàn. Odindi súrà kan nínú Kùránì, ìkọkàndínlógún, ń jẹ́ orúkọ Màríyámù. Ibi tí ọ̀nà ti pín hàn kedere: Kùránì sọ nínú súrà kẹrin, ẹsẹ 157, pé wọn kò pa á, wọn kò sì kàn án mọ́ àgbélébùú, ó sì kọ̀ pé Ọlọ́run ní ọmọ. Lójú tiwa, láìsí àgbélébùú àti àjíǹde, kò sí ìhìn rere kankan tó kù. Ẹ má fi ẹ̀rín bo ìyàtọ̀ yẹn, ẹ má sì sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bàbá yín pàápàá kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lè mú un bí ẹni pé ẹ kò ka tiẹ̀ sí.

Ọkùnrin kan tó gbé ìlú yín rí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther wà ní Àgbádárìgì láàárín 1845 sí 1846, kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣeé gbà fún òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa ní Sàró, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn, ó ń tú àṣìṣe ẹ̀sìn wọn síta, kò sì rí èso kan níbẹ̀. Bí ọjọ́ orí àti ìrírí ṣe ń pọ̀, ó yí ọwọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Bíbélì àti Kùránì ti pàdé: ìbí Jésù, Gébúrẹ́lì tí í ṣe ońṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 1872, nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ní ààfin Ẹmíà Ìlọrin, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń ṣí Bíbélì Yorùbá, ó ń ka èsì sí wọn létí. Kò bú ànọ́bì wọn. Ohun tó kọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn ni pé Bíbélì, tí í ṣe idà Ẹ̀mí, ni kí a jẹ́ kó ja ìjà ara rẹ̀.

Nínú ilé tirẹ̀ náà, ẹ wò ó. Ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfálà, ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n nípá. Obìnrin náà kò tíì mọ Krístì nígbà yẹn. Ó di 1848 kó tó ṣèrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ní gbogbo àkókò tó wà láàárín kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìyá ni ìyá ń jẹ́, ọmọ sì ni ọmọ.

Ẹran Iléyá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lọ bí oṣù yẹn bá ti ń sún mọ́, àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́ sì yàtọ̀ síra lórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹ lè jẹ ẹ́. Nínú orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n fi ń pa àgbò náà, ní ìrántí Ábúráhámù. Àṣà wọn ni láti pín in fún ará ilé, fún ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, àti fún àwọn aláìní. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan lọ́dọ̀ wọn pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti di Mùsùlùmí. Kùránì fúnra rẹ̀ sọ nínú súrà kejìlélógún pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí Pọ́ọ̀lù bá lè sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, tí ojúbọ òrìṣà kún ìlú wọn, pé bí aláìgbàgbọ́ bá pè yín síbi oúnjẹ, ẹ jẹ ohun tí ó bá gbé síwájú yín láìbéèrè nítorí ẹ̀rí ọkàn, mi ò mọ ohun tó kù tí èmi yóò fi dá yín lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín bá ń dá yín lẹ́bi, ẹ má jẹ ẹ́. Róòmù 14 kò fẹ́ kí a jẹun pẹ̀lú iyèméjì. Nígbà náà, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé wọ́n gbé àwo ẹran dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ Krìstẹ́nì wá sọ pé "Ẹ gbé e padà, ẹran òrìṣà ni." Irọ́ wà nínú ìyẹn, àrífín sì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ṣe àdúà nílé, ẹ jókòó, ẹ bo orí yín, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà láti kírun, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ṣe àmín sí ohun tí ẹ kò gbà gbọ́. Bí bàbá bá wá ní kí ẹ̀yin náà gbàdúrà fún òun, ẹ gbà á lórúkọ Jésù. Ó mọ ẹni tí òun bẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n yín ya mí lẹ́nu, kí n sọ òótọ́. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá kò jìnnà sí yín rárá. Àjàṣẹ́ tó wà ní òdìkejì ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni Samuel Oshoffa, káfíńtà kan tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tọ́ dàgbà, ti dá a sílẹ̀ ní 1947. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bọ́ bàtà bí wọ́n bá wọ sùtánà, wọ́n ń tan àbẹ́là, wọ́n ń sun tùràrí, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í mu ọtí. Èwo nínú gbogbo èyí ló ní kí ẹ má gba ọmọ ìyá yín sílé? Ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni Jésù jẹ́ fún yín? Kí ni yóò mú yín dúró níwájú Ọlọ́run?" Bí ó bá dáhùn pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni, ará yín ni, ẹ jọ máa gbàdúrà. Bí ó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé ìran àwọn aríran tàbí omi tí wọ́n fi wẹ̀ fún un ju Krístì lọ, ẹ sọ fún un bí àbúrò ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì bi ara yín bóyá irú rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tiyín náà. 1 Tẹsalóníkà 5 ní kí a má kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, kí a sì máa wádìí ohun gbogbo dájú. Ìtọ́ni méjèèjì kan gbogbo ìjọ.

Ní Kérésìmesì 1842, Àgbádárìgì kan náà ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àti Henry Townsend, míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti jọ wà. Ìjọ wọn ti pínyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jọ ṣe ọdún náà. Òpó ìrántí igi Àgìà, igi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ṣì wà nílùú yín. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, ẹ ronú sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló nira jù, torí pé níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gan-an ti kọ lu ẹ̀kọ́. Bíbélì la jọ ń ṣí, Jésù la jọ ń dárúkọ, síbẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà là ń sọ. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ́ni pé Jésù ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run dá, pé ó tóbi ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ṣùgbọ́n pé kò bá Bàbá dọ́gba. Ìtumọ̀ Bíbélì tiwọn pe Ọ̀rọ̀ náà ní "ọlọ́run kan" nínú Jòhánù 1:1. Àríyànjiyàn àtijọ́ ni. Nítorí irú rẹ̀ ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi pé jọ sí Níkéà ní 325, tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pé a bí Ọmọ, a kò dá a. Èmi dúró lórí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tọkàntọkàn.

Ṣé kí ẹ wá máa sá fún un? Rárá o. Ẹ wo ohun tí Pírísílà àti Ákúílà ṣe nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún. Wọ́n gbọ́ Àpólò tó ń wàásù, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pé. Wọn kò dìde tú u fó láàárín àwọn ènìyàn. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dájúdájú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀, ẹ mọ tiyín. Àwọn Ẹlẹ́rìí máa ń múra sílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín tàbí àgbà kan nínú ìjọ, kí ó kọ́ yín ní ohun tí ìjọ gbà gbọ́ nípa Mẹ́talọ́kan, pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì, títí ẹ ó fi lè sọ ọ́ láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ẹ ó kà, ṣùgbọ́n pé Ìhìn Rere Jòhánù ni ẹ ó kà, kì í ṣe Ilé Ìṣọ́, ìwé ìròyìn wọn. Orí kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú Bíbélì tirẹ̀. Bí ẹ bá dé orí ogún, ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n, níbi tí Tómásì ti sọ fún Jésù pé "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," ẹ bi í pé, "Kí ni Jésù dá a lóhùn?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó ronú. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó bá sì bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ sọ pé ẹ ó lọ wádìí, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. 1 Pétérù 3:15 ní kí a múra tán láti dá olúkúlùkù lóhùn, ó sì fi "pẹ̀lú ọkàn tútù" sí i. Ẹni tó fi ìbínú gbèjà Jésù ti ṣe ìdajì ẹsẹ yẹn, ó ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ẹ má pè é síbi ọjọ́ ìbí ọmọ yín kí ẹ wá máa bínú pé kò wá. Wọn kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọn kì í gbà ní ọsibítù ṣe yẹ̀yẹ́. Ìpinnu tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn ni, kò yẹ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ibi tí mo ti máa ní kí ẹ dúró ni bí ó bá ń gba ẹ̀yìn yín lọ bá àwọn ọmọ yín, tàbí tó ní kí ẹ máa fi ohun tí ẹ ń kà pa mọ́ fún ìjọ yín. Nígbà náà, ẹ dá ìkàwé náà dúró. Ẹ má dá ìkíni dúró.

Sùtánà rírán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ìjọsìn kọ́. Náámánì, lẹ́yìn tó ti gba Ọlọ́run Ísírẹ́lì gbọ́, sọ fún Èlíṣà pé òun yóò ṣì máa bá ọ̀gá òun wọ ilé Rímónì, òrìṣà ilẹ̀ wọn, pé ọ̀gá òun yóò máa fi ara ti apá òun láti tẹrí ba níbẹ̀. "Máa lọ ní àlàáfíà" ni Èlíṣà fi dá a lóhùn. Tiyín kò tilẹ̀ tó ìyẹn. Ẹ rán an kó gún régé, kí ẹ jáfáfá lọ́jọ́ tí ẹ dá fún oníbàárà, kí ẹ má sì gé aṣọ jẹ.

Ó wá ku olórí ìpàdé ilé yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ fi èsì yìí nà án lójú. Òun náà jẹ́ ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe fún ọ̀rẹ́ yín tọ́ sí i pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rí ẹni tó ṣáko lọ rí, ìbẹ̀rù ìyẹn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lọ bá a lẹ́yìn ìpàdé, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkàn yín jẹ ẹ́ lógún, kí ẹ wá ní kí ẹ jọ ka odindi lẹ́tà kejì Jòhánù, ẹsẹ mẹ́tàlá péré ni, kí ẹ sì ka 1 Kọ́ríńtì 5:9 sí 13 tẹ̀ lé e. Ẹ bi í pé nínú àwọn méjì tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ, ẹni inú àti ẹni òde, ìsọ̀rí wo ni bàbá yín wà. Bí ó bá ṣì di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá pásítọ̀ ìjọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí òun náà sì wà níbẹ̀. Títí tí wọn yóò fi yanjú rẹ̀, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti ní kí ẹ yẹra fún bàbá yín.